Ìrọ̀lẹ́ Tí Odò Tisza Tanná

Bàbá mi àgbà, Vendel, kì í wo kàlẹ́ńdà.
Ó máa ń ti ọwọ́ bọ amọ̀ etí odò dé ìgbọ̀nwọ́,
níbi tí bèbè ti lu jára bí ajere,
yóò fa ọ̀kan jáde,
ìdin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tó ń fi ìhà mí bí ẹja,
yóò gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi, yóò ní:
"Wo èjìká rẹ̀, Csenge. Ó ti dúdú.
Ìyẹ́ ti ká jọ síbẹ̀ bí aṣọ inú àpótí.
Bí kò bá ṣe ọ̀la, ọ̀tunla ni."

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń jẹ ẹrẹ̀ nínú òkùnkùn.
Ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ìwọ̀nyí wọ amọ̀,
màmá mi ṣì wà nílé,
n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà.

Àwọn ọmọ àkèré inú báàfù mi kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.
Oṣù méjì péré: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yọ, tiwájú yọ,
ìrù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí ọṣẹ.
Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, báàfù ṣófo,
àkèré mẹ́sàn-án jókòó sábẹ́ àga, wọ́n ń wò mí
bí àlejò tí kò rí mi rí.

Ọjọ́ náà pé. Oṣù kẹfà, ooru mú,
aago márùn-ún ti lù.
Odò dákẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í hó
láìsí iná lábẹ́ rẹ̀.
Ọ̀kan là, igba là, n kò lè kà á mọ́:
wọ́n bọ́ awọ sórí omi, wọ́n gbéra,
ìrù wọn gùn ju ara wọn lọ.
Bàbá àgbà pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ asọdá.

Ọkùnrin kan dé, ọmọ màlúù mẹ́rin lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀.
Ó tẹ fèrè. Ó tún un tẹ̀.
"Dókítà ẹran ń dúró dè mí lódìkejì!"
Bàbá àgbà kò tilẹ̀ yíjú:
"Àwọn yìí ti dúró fún ọdún mẹ́ta.
Ìwọ náà, dúró fún wákàtí kan."
Ọkùnrin náà bú u. Ó bú ọkọ̀, ó bú odò.
Ó na apá kó lè bú wa dáadáa,
ni ọ̀kan bá bà sí ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀.

Akọ ni. Bí akọ bá kúrò lómi, kò tíì parí:
ó gbọ́dọ̀ bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kan sí i, níbi gbígbẹ tó bá rí,
ewé, òpó, tàbí aṣọ onínúfùfù.
Ẹ̀yìn rẹ̀ là. Ó yọ orí, ó yọ ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni tó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tútù,
ó wá fa ìrù gígùn náà jáde, díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀.
Ọkùnrin náà kò mira. Apá rẹ̀ ṣì nà.
Ẹnu rẹ̀ ṣì là fún èébú, èébú kò jáde.
Ọmọ màlúù ké. Kò dáhùn.
Títí kòkòrò fi fò lọ ló dúró bẹ́ẹ̀,
ó sì tún dúró lẹ́yìn ìyẹn.

"Kí ni wọ́n ń jẹ?" ó bi wá, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.
"Wọn kò ní ẹnu tó ń jẹun," ni bàbá àgbà wí.
"Alẹ́ yìí ni gbogbo rẹ̀."

Àwọn abo kọrí sókè odò, wọ́n fò, wọ́n fò,
kí ẹyin tí omi yóò gbé wálẹ̀
lè rì síbi tí wọ́n ti ṣí.
Wọ́n ní labalábá fara wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ.
Àwọn yìí kò fara wé ẹnikẹ́ni.
Ilẹ̀ ṣú, wọ́n tán.

Ní òwúrọ̀ mo gbá ọkọ̀ asọdá. Òkú wọn kún garawa méjì.
Ẹja yó, wọn kò ka ìwọ̀ kún.
Mo jókòó, mo ka ẹyin alẹ́ àná lórí ìka:
ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta.
Màmá mi ní òun yóò dé ṣáájú ìgbà náà.